Atàpásófin Ló Bí Eré Náà

Ní ọdún 1969, David Wesely, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìtàn ogun àtijọ́ ti gbà lọ́kàn, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ní ìpínlẹ̀ Minnesota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ṣeré ogun. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ kan wà ní Minneapolis àti St. Paul, ìlú méjì tó fara kanra létí odò Mississippi, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà máa ń to àwọn sójà kéékèèké sórí tábìlì, tí wọ́n á pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, tí wọ́n á máa ja ogun Napoleon. Lọ́tẹ̀ yìí Wesely fẹ́ dá àrà. Ó fi orí ara rẹ̀ dá ìlú kan sílẹ̀, ó pè é ní Braunstein, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Jámánì tí ogun ń bọ̀ wá bá. Àwọn ọ̀gágun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún fi ẹnì kan ṣe olórí ìlú, ó fi ẹnì kan ṣe ẹni tó ni báńkì, ó fi ẹlòmíràn ṣe ọ̀gá yunifásítì. Olúkúlùkù ló ní ohun tó ń lé. Òfin rẹ̀ kò le: kí kálukú máa wá bá òun ní yàrá kejì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, kí òun tí òun jẹ́ rẹfirí sì sọ ibi tó yọrí sí.

Ta ló gbọ́? Bí Wesely ṣe ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àwọn yòókù ti wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń dúnàádúrà, wọ́n ń parọ́ fúnra wọn, wọ́n ń dìtẹ̀. Méjì nínú wọn wá bá a, wọ́n ní àwọn ti pe ara àwọn níjà, àwọn fẹ́ fi ìbọn kojú ara àwọn. Wesely kò kọ òfin kankan sílẹ̀ fún irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ó ní láti ju dáìsì níbẹ̀, kó fi ọgbọ́n orí sọ bó ṣe parí. Ogun tó tìtorí rẹ̀ pè wọ́n jọ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè mọ́.

Ó gbà pé eré òun ti fọ́ yángá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, ìgbà wo ni òmíràn? Ó ṣe ẹ̀ẹ̀kejì, ó ṣe ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sì fa ìjánu wọn dáadáa kí wọ́n má baà tún tú mọ́ òun lọ́wọ́. Èyí tó fa ìjánu sí yìí ni kò dùn rárá.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé ipò Wesely ni èmi náà wà. Brooklyn Park ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Minneapolis, ibi tí àwa ará Nàìjíríà àti àwọn ará Làìbéríà ti fi ṣe ilé. Lọ́sàn-án Sátidé mo máa ń darí Dungeons & Dragons fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì rí i rí, kò sí ọpọ́n níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń jẹ, kò sí ẹni tó ń pàdánù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀: ọ̀kan jẹ́ jagunjagun, ọ̀kan jẹ́ oṣó, ọ̀kan jẹ́ olè tó mọ àgádágodo í ṣí. Èmi ni mo ń sọ ohun tó wà níwájú wọn, àwọn a sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, bí kò bá sì dá wa lójú bóyá ó máa bọ́ sí i, a ó ju dáìsì olójú 20. Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé òfin rẹ̀ ló pọ̀.

Láàárín wọn ni ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan wà tí kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Mo ní ilẹ̀kùn ti tì, ó ní òun ti wọlé. Mo ní kó ju dáìsì, ó jù ú, ó bọ́ sí 4, ó ti tún gbé e: “Àǹtí, tábìlì yìí ò dọ́gba, ẹ jẹ́ n tún un jù.” Mo ní kò sí ìbọn ní gbogbo ilẹ̀ yìí, ó ní ẹ̀dá-ìtàn òun ti rọ ọ̀kan lóru àná nígbà tí àwọn yòókù ń sùn. Tó bá kọ́kọ́ ṣe é, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin tó jókòó lápá òsì rẹ̀ á ti gbé fóònù. Ojú ọmọbìnrin yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé eré ti ń bàjẹ́, kì í ṣe ojú ìwé òfin.

Ibi tí àṣẹ rẹfirí ti wá jìnnà sí Minnesota. Ní ilẹ̀ Prussia, tó di ara Jámánì lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Georg von Reiswitz gbé ìwé eré ogun jáde ní 1824, ó fi tún iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣe. Àwòrán ilẹ̀ wà, dáìsì wà, òfin sì wà rẹpẹtẹ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Ẹnì kẹta, rẹfirí, ló ń gba àṣẹ wọn, tó ń ṣe ìṣirò, tó sì ń sọ fún wọn ìwọ̀nba ohun tí ojú wọn lè tó. Àwọn ọmọ ogun Prussia tẹ́wọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn máa ń dá eré dúró. Ní 1876, Julius von Verdy du Vernois ní kí wọ́n kó ìwé ìṣirò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n wá ẹni tó mọ ogun dunjú fi ṣe rẹfirí, kó sì fi làákàyè dájọ́. Ní 1880, Charles Totten tó jẹ́ ọ̀gágun ní Amẹ́ríkà kọ ìwé tirẹ̀, Strategos. Ìwé yìí ni Wesely bá pàdé ní ilé ìkàwé Yunifásítì Minnesota, tó sì rí èrò kan nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kó sùn mọ́: pé kò sí ohun tí ẹni tó ń ṣeré kò lè dán wò, rẹfirí ni yóò sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Èrò yẹn ló gbé wá sí Braunstein. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á gbọ́ ju òun alára lọ.

Ẹni tó gbà á gbọ́ jù ni Dave Arneson. Ìlú kékeré kan ní ìhà Látìn Amẹ́ríkà ni Wesely fi ṣe ìkẹrin, níbi tí ìjọba ti ń mì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dìtẹ̀. Arneson ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dìtẹ̀ náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa pín ìwé ìléwọ́ káàkiri. Kó tó kúrò nílé ló ti ṣe káàdì ìdánimọ̀ irọ́ fún ara rẹ̀, pé òṣìṣẹ́ CIA ni òun. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó yọ káàdì náà, ó fi han àwọn tó kù, ó ní òun kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀ rárá, ìjọba Amẹ́ríkà ló rán òun. Wọ́n gbà á gbọ́. Kí eré tó parí, àpò ìṣúra orílẹ̀-èdè náà ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ṣé òjóóró ni? Mo ti rò ó títí, ìdáhùn mi ni pé rárá. Arneson kò yí dáìsì. Kò sọ pé ohun tí rẹfirí sọ kò ṣẹlẹ̀. Kò gba ìgbádùn mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àwọn tó rẹ́ jẹ gan-an ló ń pa ìtàn náà káàkiri. Ohun tó ṣe ni pé ó rin ojú ọ̀nà tí Wesely kò mọ̀ pé òun ti là sílẹ̀. Ọmọ tó ní “mo ti wọlé” nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì tì kò rin ọ̀nà kankan. Ó kàn sọ pé kò sí ilẹ̀kùn ni.

Ní 1970 iṣẹ́ ológun pe Wesely lọ, Arneson sì gba ipò rẹfirí. Ní 1971, ní yàrá abẹ́ ilé àwọn òbí rẹ̀ ní St. Paul, ó bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀, Blackmoor: ilé olódi kan, ìlú kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, àti ihò jíjìn tó kún fún ẹ̀rù àti ìṣúra nísàlẹ̀ ilé olódi náà. Báyìí ni ẹni tó ti sọ eré ẹlòmíràn di rúdurùdu ṣe di ẹni tí àwọn mìíràn ń sọ tirẹ̀ di rúdurùdu. Bó ṣe ṣe é ló yẹ kí gbogbo rẹfirí mọ̀.

Ẹ gbọ́ ti David Fant, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣeré níbẹ̀. Ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kú, ó jí padà gẹ́gẹ́ bí òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń pè é ní Sir Fang. Ní Blackmoor, ẹni tó bá wu ènìyàn ló lè jà fún, ti ibi tàbí ti ire, Fang sì wá lágbára débi pé apá kò ká a mọ́. Àwọn tó kù ń kú lọ́wọ́ rẹ̀. Arneson lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, pé kí Fant jókòó sílé. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fún ọ̀rẹ́ wọn mìíràn, Mike Carr, ní ẹ̀dá-ìtàn àlùfáà kan, Bíṣọ́ọ̀bù Carr, tó ní agbára láti lé irú òkú bẹ́ẹ̀ sá, tó sì lè wo ọgbẹ́ sàn. Láti ibẹ̀ ni àlùfáà ti di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí gbogbo ayé ń ṣe nínú D&D títí di òní. Ọmọbìnrin tó máa ń gbé fóònù yẹn, àlùfáà lòun náà ń ṣe. Kò mọ̀ pé nítorí ẹnì kan tó pọ̀ lápọ̀jù ní St. Paul ni wọ́n ṣe dá iṣẹ́ yẹn sílẹ̀.

Ìtàn kejì ló dùn mọ́ mi jù. Ọ̀tá ń bọ̀ wá gba Blackmoor, iṣẹ́ àwọn eléré sì ni kí wọ́n dáàbò bo ìlú. Ṣùgbọ́n ìṣúra wà nínú ihò. Gbogbo wọn wọ ihò lọ. Arneson kò pariwo, kò sì kọ ìwé sí wọn. Ó jẹ́ kí ogun dé. Ìgbà tí àwọn akọni fi padà jáde, ìlú ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, a sì lé wọn lọ sí ìgbèkùn, sí etí adágún kan tí wọ́n ń pè ní Loch Gloomen, níbi tí wọ́n ti ní láti bẹ̀rẹ̀ ayé lákọ̀tun. Ohun tí wọ́n ṣe ló so èso lójú wọn. Wọn kò lè bínú sí rẹfirí, àwọn ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ihò.

Ní ìparí 1972, Arneson wakọ̀ lọ sí Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin láti fi Blackmoor han Gary Gygax, ẹni tó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kọ ìwé òfin ogun ayé àtijọ́ tó ń jẹ́ Chainmail. Iṣẹ́ ìbánigbófò ni Gygax ń ṣe tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró ní 1970. Bàtà ló wá ń tún ṣe fi bọ́ ìyàwó àtọmọ. Ìwé kíkọ kò ṣòro fún un rárá. Ó béèrè àkọsílẹ̀ òfin lọ́wọ́ Arneson, ohun tí ó sì rí gbà jẹ́ ojú ìwé díẹ̀ tí òye rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yéni, nítorí pé orí Arneson ni òfin wà. Gygax kọ ọ́, ó fẹ̀ ẹ́ lójú. Nígbà tí kò rí ilé iṣẹ́ tó máa tẹ̀ ẹ́, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Don Kaye dá tiwọn, TSR, sílẹ̀ ní 1973, Brian Blume sì mú owó wá kún un. Ní 1974, Dungeons & Dragons jáde, ìwé kéékèèké mẹ́ta nínú páálí kan, dọ́là 10, ẹyọ 1,000 péré.

Àwọn ìwé yẹn kún fún àlàfo. Ẹni tó bá rà á ní Texas tàbí California kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Lake Geneva, kálukú sì ń fi tirẹ̀ dí àlàfo. Gygax àti Arneson kò tilẹ̀ bínú sí i nígbà náà; ìparí ìwé kẹta rọ ẹni tó ń kà á pé kó máa dá tirẹ̀ sílẹ̀, kó má retí pé àwọn ni yóò ronú fún un. Ní Phoenix, Arizona, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan, Ken St. Andre, ka àwọn òfin náà, kò fẹ́ràn wọn, ó sì kọ Tunnels & Trolls tirẹ̀ jáde ní 1975. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè tàpá sí òfin tó ju ìyẹn lọ.

Nílé Gygax gan-an, Rob Kuntz ni olórí àwọn tí kò ṣeé dè mọ́lẹ̀. Robilar ni ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Gygax kọ ihò ìsìnkú kan tó kún fún pàkúté, Tomb of Horrors, ó lò ó fún ìdíje ní Baltimore ní 1975, ìdí tó sì fi kọ ọ́ ni pé àwọn ọ̀jáfáfá eléré bíi Kuntz ń fọ́nnu pé kò sí ibi tí àwọn kò lè jáde. Kuntz kó àwọn ẹ̀dá burúkú tó fi ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń tì wọ́n síwájú. Pàkúté ń pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan, òun ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ agbárí olóògbé oṣó tó ni ibẹ̀, kò bá a jà. Ó gbá ìṣúra sínú àpò, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gygax gbà fún un. Ó sì yẹ kó gbà.

Ìdí nìyẹn tí ìwé tó tẹ̀ lé e fi ya ènìyàn lẹ́nu. Láàárín 1977 sí 1979, Gygax tún òfin gbogbo kọ sínú ìwé ńlá mẹ́ta, Advanced Dungeons & Dragons. Ìdíje ti ń pọ̀. Ó fẹ́ kí ẹni tó ń ṣeré ní Chicago lè jókòó sí tábìlì ní New York kí òfin jẹ́ ọ̀kan náà. Ìjà ẹ̀tọ́ lórí owó òǹkọ̀wé tún wà láàárín òun àti Arneson, tó pe ẹjọ́ ní 1979, tí wọ́n sì parí ẹ̀ ní 1981. Ẹni tó ní kí àwọn ènìyàn máa dá tiwọn sílẹ̀ ní 1974 ni ó wá ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá yí òfin padà jù, kì í ṣe eré òun ló ń ṣe mọ́.

Nínú ìwé tó kọ fún rẹfirí ní 1979, ẹsẹ kan wà lórí bí a ṣe ń ṣe àwọn eléré tó ń dààmú ènìyàn. Mo máa ń kà á sókè fún àwọn ọmọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Gygax ní kí rẹfirí ju dáìsì ní gbangba kó lè mú ẹ̀dá abàmì kan jáde sí ẹni náà. Ó ní òkú wíwé kan tí ojú kò rí lè ṣàdédé gbá a mú. Ó ní mànàmáná aláwọ̀ búlúù lè ti ojú ọ̀run sán lé e lórí. Ó ní ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ lè pàdánù lára ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, kò sì ní rí i gbà padà mọ́. Bí gbogbo ìyẹn bá wá di ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́, Gygax fúnra rẹ̀ gbà pé kò ṣiṣẹ́, kí a má ṣe pe ẹni náà wá mọ́.

Kí ni mànàmáná yẹn yàtọ̀ sí ìgbèkùn Loch Gloomen? Inú ìtàn ni ìgbèkùn ti wá, ẹni tó fi ìlú sílẹ̀ ló pàdánù ìlú. Mànàmáná ti inú ìbínú ẹni tó jókòó sórí àga wá, ó kàn da aṣọ ìtàn bora ni. Ọmọdé mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Tí mo bá sán àrá lu ẹ̀dá-ìtàn ọmọ tó ń yí dáìsì, ẹ̀kọ́ tó máa kọ́ ni pé Àǹtí náà lè ṣe ohun tó bá wù ú, á sì wá ọ̀nà láti ṣe tirẹ̀ padà.

Láti ìgbà náà, àwọn tó ń kọ irú eré yìí ti yí ojú sí ibòmíràn. Ní 2010, tọkọtaya Baker, Vincent àti Meguey, gbé Apocalypse World jáde, níbi tí òfin ti de rẹfirí náà mọ́lẹ̀: ìwé sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ ṣe é. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé rẹfirí náà máa ń tàpá sófin. Ní nǹkan bí ọdún 2013, John Stavropoulos ní kí wọ́n fi káàdì kan tí wọ́n kọ X sí sáàárín tábìlì, kí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kan bá ń dùn fi ọwọ́ kàn án kí wọ́n fò ó. Ó sì ti di àṣà lọ́pọ̀ ibi pé kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: irú ìtàn wo ni a fẹ́, kí ni a kò fẹ́, kí ni a ó ṣe bí ẹnì kan bá ń dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Àgbàlagbà tó bá ti jókòó sí ìpàdé ẹgbẹ́ aláṣọ-ẹbí rí mọ̀ pé bí a kò bá sọ̀rọ̀ owó kí a tó gé aṣọ, ìjà ló ń bọ̀.

Èmi pe ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá náà kó wá bá mi gbé àwo oúnjẹ wọ kíṣìn. Mo ní, “Kí lò ń wá gan-an?” Ó wolẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ó máa ń pẹ́ kó tó kàn mí.” Ọmọ mẹ́fà ló wà lórí tábìlì wa, ìjà kan sì lè gba wákàtí kan. Òótọ́ ló sọ. A fi òun gan-an ṣe ẹni tó ń mú aago, tó ń sọ ẹni tó kàn. Ní ti dáìsì, inú abọ́ kan láàárín tábìlì ni gbogbo wa ń jù ú sí báyìí, èmi náà kò yọ ara mi sílẹ̀. Ní ti ìbọn, mo gbà fún un: ó rọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ló lè yìn, ariwo rẹ̀ á sì jí gbogbo ohun tó ń sùn nínú ihò. Kò tíì yìn ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí irú eré yìí fún ọmọ, tàbí fún àgbà tó ń ṣe bí ọmọ, bí ìwé 1979 yẹn bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ka ẹsẹ náà. Ẹ fi mànàmáná rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì mú ìmọ̀ràn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ lò: ẹni tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ níta eré tí kò gbọ́, ẹ má pè é ní Sátidé tó ń bọ̀.